Bí Mo Ṣe Tọ́jú Góòlùfíìṣì Tí Lẹbẹ Wọn Ti Jẹrà

Lẹbẹ ẹja máa ń hù padà, bí ìjẹrà náà kò bá tíì dé ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó lọ jìnnà, nítorí mo ti rí àwọn tó da ẹja wọn sí gọ́tà torí pé ìrù rẹ̀ já jákujàku, nígbà tó jẹ́ pé omi tó mọ́ àti sùúrù ni ẹja náà ń fẹ́.

Góòlùfíìṣì, irú ẹja ọ̀ṣọ́ kan, mẹ́ta ni èyí tí mo tọ́jú. Inú táǹkì gíláàsì kan ní ilé oúnjẹ kan ní Lágeré, nílùú Ifẹ̀, ni wọ́n wà. Ilé oúnjẹ náà ti kógbá wọlé, ẹni tó ni ín ti kó kúrò nílùú, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló sì ń já búrẹ́dì sí wọn torí àánú wọn ń ṣe é. Omi táǹkì náà ti pọ́n bí àgbo. Ẹnì kan tún ti ju ọmọ ẹpìyà kan sínú rẹ̀. Ẹpìyà kì í sì í bá ẹja tó ń rìn jẹ́jẹ́ gbé láìfìyà jẹ ẹ́. Ìrù gígùn tí góòlùfíìṣì ń fà kiri lẹ́yìn ló kọ́kọ́ máa ń bù jẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n kó wọn lọ tọ́jú?"

"Máa kó wọn lọ, ọmọ mi. Ọlọ́run ló rán ẹ wá."

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo wò wọ́n dáadáa, torí ọgbẹ́ lẹbẹ kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ẹja mìíràn bù jẹ máa ń là gbọọrọ tàbí kó ní àlàfo, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á mọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Èyí tó ń jẹrà yàtọ̀. Etí rẹ̀ á funfun, á máa yọ́, ìlà ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á máa hàn nínú rẹ̀, á sì máa kúrú sí i lójoojúmọ́. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́ta náà, ìbùjẹ nìkan ló wà lára rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ní ìbùjẹ àti ìjẹrà papọ̀, ti àgbà wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ìrù. Òun ni ọkàn mi kò balẹ̀ lórí rẹ̀.

Mi ò lo àwọ̀n, torí àwọ̀n máa ń fa lẹbẹ tó ti ya ya sí i. Abọ́ ni mo fi bù wọ́n tomitomi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèrí, mo sì fi àyè afẹ́fẹ́ púpọ̀ sílẹ̀ lókè omi. Ẹpìyà gba bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo bẹ ọlọ́kẹ̀kẹ́ Márúwá pé kó rọra máa lọ, a sì gba Mayfair títí a fi délé lọ́nà Ẹdẹ.

Ẹni tó bá rí irú omi ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ á fẹ́ ju ẹja sínú omi tó mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń kú. Omi tó ti pẹ́ nínú táǹkì máa ń kan díẹ̀díẹ̀, nínú omi kíkan bẹ́ẹ̀ sì rèé, amóníà tó ti ara ìgbẹ́ ẹja jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ ní oró. Bí omi tuntun tí kò kan bá ya lù ú lójijì, amóníà yẹn á di oró gidi, ara ẹja kò sì ní tíì mọ́ra pẹ̀lú omi tuntun náà. Nítorí náà, ife kan lẹ́yìn òmíràn ni mo fi ń bu omi tuntun sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń bu ti àtijọ́ dànù, fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, kí n tó kó wọn sínú ike ńlá tó ń gba 100 lítà. Omi kànga ilé wa ni mo lò. Ká ní omi ẹ̀rọ ni, ǹ bá kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí kúlórínì inú rẹ̀ lè lọ, torí kúlórínì máa ń jó ibi tí ẹja fi ń mí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní Mọdákẹ́kẹ́ tó ti ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ tipẹ́tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo ni kí n rà fún wọn?"

"Oògùn kẹ̀? Omi ni kó o kọ́kọ́ wò sàn. Wá gba fóòmù lọ́dọ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú, orí rẹ̀ ni mo sì gbé gbogbo ìtọ́jú náà lé. Fóòmù tí wọ́n wí kì í ṣe tuntun. Inú fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n ti gé e, ó dúdú, ó ń yọ̀. Àwọn bakitéríà tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn mìíràn á sì sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí kò lè pa ẹja bí kò bá pọ̀ jù. Bí èèyàn bá fi fílítà tuntun bẹ̀rẹ̀, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó, ẹja tó ń ṣàìsàn kò sì lè dúró de ìyẹn. Bí fóòmù náà bá dọ̀tí, omi tí a bù láti inú táǹkì ni a fi ń fọ̀ ọ́. A kì í fi ọṣẹ kàn án.

Mo ra ohun èlò ìdánwò amóníà ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ti ń ra oúnjẹ ẹja. Ẹ ó bu omi sínú ìgò tín-ín-rín, ẹ ó kán oògùn sí i, ẹ ó wá fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti káàdì. Irú tí mo lò, yẹ́lò ni òdo. Bó bá ti ń di àwọ̀ ewé, amóníà ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Omi tí mo bù láti Lágeré di àwọ̀ ewé tó ki. Amóníà àti náítíráìtì, òdo ni méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́. Nítorí náà, láràárọ̀ mo máa ń fi rọ́bà fa ìgbẹ́ ìsàlẹ̀ ike jáde pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, mo sì ń fi omi tó ti sùn mọ́jú nínú ilé dípò rẹ̀, kí bí ó ṣe gbóná tó má bàa yàtọ̀.

Iyọ̀ nìkan ni mo lò tó jọ oògùn. Ara ẹja tó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀ ní iyọ̀ ju omi yẹn lọ, omi sì máa ń fẹ́ wọ inú rẹ̀ nígbà gbogbo, kíndìnrín rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ láti tú u jáde. Bí awọ rẹ̀ bá ti lu, omi tó ń wọlé á pọ̀ sí i. Iyọ̀ díẹ̀ máa ń dín wàhálà yẹn kù. Mo fi ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń ṣe kéèkì wọn iyọ̀ gíráàmù 1 sí omi lítà 1, nígbà tí mo rí i pé wọ́n gbà á, mo gbé e dé 2. Mi ò jẹ́ kó kọjá 3 láé. Mo kọ́kọ́ ń pò ó nínú omi lọ́tọ̀, torí hóró iyọ̀ tó bà lé ara ẹja máa ń jó o. Ẹ rántí pé iyọ̀ kì í bá omi gbẹ. Bí omi bá fà, omi lásán ni kí ẹ fi kún un. Bí ẹ bá bu lítà 25 dànù, iyọ̀ lítà 25 nìkan ni ẹ ó dá padà.

Ìyá oníkẹ́míìsì àdúgbò wa, tí wọ́n fẹ́ràn mi, ní kí n já kápúsù tẹtirasáíkílìnì mélòó kan sínú omi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò ṣe é. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ lẹbẹ, irú bí Aeromonas àti Pseudomonas, kò ṣàjèjì sí omi tó mọ́ pàápàá. Ẹja tí ara rẹ̀ le máa ń lé wọn sẹ́yìn. Ìgbà tí omi burúkú bá ti bó ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ ni wọ́n ń ráyè jẹ ẹ́. Tẹtirasáíkílìnì lè pa àwọn bakitéríà rere inú fóòmù, amóníà á sì gòkè padà. Bí a bá tún ń lò ó láìnídìí, àwọn kòkòrò á mọ́ra pẹ̀lú rẹ̀ títí tí kò fi ní ràn wọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ oògùn tí àwa èèyàn náà ń lò ni. Bí ìjẹrà bá ti dé ìdí lẹbẹ, tí ẹja kò sì jẹun mọ́, ìyẹn yàtọ̀. Dókítà ẹranko ni kí ẹ lọ bá, inú ike ọ̀tọ̀ sì ni kí ẹ ti lo oògùn náà.

Ewé furúùtù ńkọ́? Igi yìí, tí ìwé ń pè ní Terminalia catappa, pọ̀ ní Ifẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì máa ń sọ ọ́ lókò nítorí èso rẹ̀. Àwọn tó ń sin ẹja oníjà (betta) ní Táílàndì ti ń fi ewé gbígbẹ rẹ̀ sí omi tipẹ́. Ó máa ń mú omi pọ́n, ó máa ń mú un kan díẹ̀, oje rẹ̀ sì ń dí àwọn kòkòrò kan lọ́wọ́. Góòlùfíìṣì kò fẹ́ omi kíkan; pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, 7 sí 8 ló bá a lára mu. Ewé kan ṣoṣo tó gbẹ tó sì jábọ́ fúnra rẹ̀ ni mo fọ̀ tí mo fi sí i, mo yọ ọ́ nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lójú tèmi, ẹja oníjà ló wúlò fún jù.

Iná ló yọ mí lẹ́nu ju gbogbo èyí lọ. Góòlùfíìṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú omi, omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ mú tó omi tútù. Bí oòrùn bá mú, tí iná sì lọ, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń yọ ẹnu sójú omi. Mo ra pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì. Nígbà tí bátìrì bá kú, èmi àti àwọn ọmọ a máa fi ife bu omi, a ó dà á padà láti òkè, kó lè máa ru. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò fún wọn lóúnjẹ rárá. Góòlùfíìṣì kò ní àpò tí oúnjẹ ń dúró sí nínú. Ohun tó bá jẹ, ìfun ló ń gbà lọ tààrà, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa jẹ. Búrẹ́dì máa ń wú, ó sì ń ba omi jẹ́. Mo fún wọn ní píìsì (green peas) tí mo sè tí mo bó èèpo rẹ̀, àti oúnjẹ ẹja oníhóró wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jí wọn gan-an ni tanwíji! Mo gbe omi òjò sínú abọ́ lẹ́yìn ilé, ẹ̀fọn yé sí i, mo fi asẹ́ sẹ́ tanwíji rẹ̀, mo ṣàn án, mo sì dà á sí wọn. Àgbà wọn, tó ti dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ láti ìgbà tó ti dé, dìde láti lé e. Bí ẹ ó bá ṣe é, ẹ má jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, torí èyí tí ẹ bá gbàgbé, ẹ̀fọn ni yóò dà. Ẹ má sì bu ti gọ́tà.

Ìlà ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ pòórá. Lẹ́yìn náà, kíkúrú tí lẹbẹ ń kúrú dúró; fọ́tò tí mo ń yà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo fi mọ̀, torí ojú lásán máa ń tan ni jẹ. Etí lẹbẹ àgbà wọn wá dúdú, àyà ìyàwó mi sì já. Dúdú yẹn, lára góòlùfíìṣì tí amóníà ti jó, àmì pé ọgbẹ́ ń jiná ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó mọ́ gaara, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé àfi kí n tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn kí n tó rí i. Ẹ má ṣì í mú fún ìjẹrà: èyí tó ń hù máa ń jẹ́ kí a rí òdìkejì, ìjẹrà kì í jẹ́. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ inú lẹbẹ á gùn, àwọ̀ á wá tẹ̀ lé e. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi zebrafish, ẹja kékeré abilà, ṣe ìwádìí ìhùpadà yìí. Bí wọ́n bá gé ìrù rẹ̀, nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó máa ń hù padà ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Tèmi pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àwọn kan ní kí n kúkú lọ da gbogbo wọn sí odò Ọ̀pá. Ẹpìyà ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sin ẹpìyà, ìyẹn kò ní wàhálà. Góòlùfíìṣì ni kò gbọ́dọ̀ bọ́ sódò. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sìn wọ́n. Níbi tí wọ́n ti da wọ́n sí odò nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń tú ẹrẹ̀ sókè, wọ́n ń jẹ koríko inú omi run, wọ́n sì lè kó àrùn ran ẹja onílé.

Apá òkè ìrù àgbà wọn hù padà, ṣùgbọ́n ó wọ́, kò sì dájú pé yóò tọ́ mọ́, torí ibẹ̀ ni ìjẹrà ti sún mọ́ ìdí jù. Kò dí i lọ́wọ́. Òun ló ń kọ́kọ́ dé ibi oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n ti Mọdákẹ́kẹ́ ń ṣètò táǹkì ńlá kan fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí amóníà àti náítíráìtì ibẹ̀ jẹ́ òdo fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó kó ẹja wá, wọ́n sì ti gbà.