Ẹ dá ìtàn náà dúró láàárín

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ káwọn èèyàn jíròrò ohun tó tọ́ àtohun tí kò tọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ló dáa, kí ni ò dáa" o. Gbogbo wọn á kàn máa wàásù ni, kò sẹ́ni tó máa sọ tinú ẹ̀. Ìtàn kan péré tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni kẹ́ ẹ gbé síwájú wọn.

Níbi ìpàdé àwa nọ́ọ̀sì Yorùbá ní Kubwa níbí, ti Kano lọ́dún 1996 ni mo kọ́kọ́ gbé wá. Meningitis, àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú, ń ṣọṣẹ́, Pfizer, ilé iṣẹ́ apoògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé oògùn tuntun wọn, Trovan, wá dán wò lára ọmọ bíi 200, ìlàjì gba Trovan, ìlàjì gba ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, 11 kú. Àṣìṣe tèmi ni pé mo sọ ọ́ dórí 75 mílíọ̀nù dọ́là tí Pfizer gbà láti san lọ́dún 2009. Kíá ni gbogbo wọn ní "ìkà ni wọ́n jàre", ó tán, wọ́n ti kọjú sí jọ́lọ́fù.

Ní báyìí, àárín ni mo ti ń dá a dúró, màá ní kí kálukú di ẹnì kan ṣoṣo nínú ìtàn náà: ìwọ ni nọ́ọ̀sì, ìyá kan dúró síwájú ẹ, ọrùn ọmọ ẹ̀ ti gan, Hausa nìkan ló gbọ́, èrò pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn dókítà MSF (ẹgbẹ́ aláàánú Médecins Sans Frontières) sì wà nínú ọgbà ọsibítù kan náà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní chloramphenicol tí gbogbo wa ti mọ̀. Kí lo máa sọ fún un? Sọ ọ́ síta, ní Hausa. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dùn! Àǹtí kan tó ti pẹ́ ní Kaduna ní òun á sọ pé "gwaji" (ìdánwò) ni, ọmọ kékeré kan nínú wa ní áà, Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò náà, gwaji ni wọ́n ń pè é, ìyá yẹn á rò pé téèsì lásán ni. Àǹtí dákẹ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn, torí Pfizer ní àwọn gba àṣẹ lẹ́nu, àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé wọ́n ń dán oògùn wò.

Kẹ́nikẹ́ni tó lanu, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí pépà, ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mátírọ́ọ̀nù ló máa kẹ́yìn (tí mátírọ́ọ̀nù bá ti sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ ta kò wọ́n?). Tó bá ń rọlẹ̀, ẹ yí nǹkan kan padà: ká ní MSF ò sí níbẹ̀ ńkọ́? Ká ní ọmọ tìẹ ni ńkọ́? Ẹ má sì lo ìtàn ẹni tó wà láàárín wọn o, kódà tẹ́ ẹ bá yí orúkọ padà, wọ́n á mọ̀ ọ́n.

Ìparí ìtàn, ẹ fi dìgbà tó bá ku bíi ìṣẹ́jú 10. Nínú àwọn 11 tó kú, 5 ló gba Trovan, 6 ló gba ceftriaxone. Ẹ sọ ìyẹn, kẹ́ ẹ wá wo bí wọ́n á ṣe tún máa ṣí pépà wọn wò.