Bí A Ṣe Ń Se Ànàmọ́ Òyìnbó àti Káróòtì Títẹ̀ Tí Kò Ní Fà

Ànàmọ́ òyìnbó àti káróòtì tí a sè pọ̀, tí a sì tẹ̀ títí wọ́n fi kúnná, jẹ́ oúnjẹ tó bá ẹran yíyan, ẹja tàbí ẹyin mu dáadáa, kò sì gba èròjà púpọ̀. Síbẹ̀, ó rọrùn láti bà á jẹ́: ó lè máa ṣàn bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì lè máa fà bí àtè bí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá tètè dúró. Ohun méjì yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ sè é fi sọ́kàn ju iye bọ́tà tàbí irú wàrà tó ní lọ, nítorí pé bọ́tà tó dára jù lọ kò lè tún ànàmọ́ tó ti fà ṣe.

Fún ènìyàn 4, ẹ wá ànàmọ́ òyìnbó gíráàmù 700, káróòtì gíráàmù 300, bọ́tà gíráàmù 60, wàrà mìlílítà 100 àti iyọ̀. Irú ànàmọ́ tí ẹ bá mú ṣe pàtàkì. Èyí tí inú rẹ̀ gbẹ, tó máa ń rún wẹ́wẹ́ bó bá jinná, ló yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé sítáàṣì inú rẹ̀ pọ̀. Èyí tó máa ń dúró gbagidi lẹ́yìn tó bá ti jinná dára fún sàláàdì, ṣùgbọ́n ó gba agbára kí ó tó ṣeé tẹ̀, agbára yẹn gan-an ló sì ń mú un fà. Ẹ má ṣe lo ànàmọ́ tí àwọ̀ ewé ti gba ara rẹ̀ tàbí tó korò, nítorí pé irú rẹ̀ máa ń ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní solanine, sísè kì í sì í mú májèlé náà kúrò. Bó bá jẹ́ ibi kékeré kan péré ló ní àwọ̀ ewé, ẹ lè gé ibẹ̀ kúrò jinlẹ̀jinlẹ̀ kí ẹ sì lo ìyókù.

Ẹ bó èèpo wọn, kí ẹ gé ànàmọ́ sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 4, kí ẹ sì gé káróòtì ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ìdí ni pé káróòtì máa ń pẹ́ ju ànàmọ́ lọ kó tó rọ̀. Bí ẹ bá gé méjèèjì bákan náà, ànàmọ́ yóò ti máa fọ́ sínú omi nígbà tí káróòtì ṣì le. Ẹ fọ ànàmọ́ tí ẹ ti gé nínú omi tútù títí omi náà kò fi ní funfun mọ́.

Inú omi tútù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sè é, kì í ṣe inú omi tó ti ń hó. Ẹ kó méjèèjì sínú ìkòkò, kí ẹ bu omi tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i fún lítà omi kọ̀ọ̀kan, torí iyọ̀ tó bá wọ inú ànàmọ́ nígbà tó ń jinná máa ń kárí ju èyí tí a wọ́n sí i lẹ́yìn lọ. Sítáàṣì inú ànàmọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, tí á sì máa wú, nígbà tí ooru bá dé nǹkan bí 60°C sí 70°C. Bí a bá jù ú sínú omi tó ń hó, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti fọ́ kí ooru tó dé àárín, omi yóò sì kún ibi tó ti fọ́ náà. Nígbà tí omi bá hó, ẹ dín iná kù kí ó máa hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má ṣe fi tòmátì, ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i ní àsìkò yìí, torí ohun kíkan kì í jẹ́ kí ó tètè rọ̀. Ó ti jinná bí ẹnu ọ̀bẹ bá wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ègé náà sì yọ̀ bọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ fúnra rẹ̀. Ẹ dán káróòtì náà wò lọ́tọ̀.

Ẹ bu ife kan pamọ́ nínú omi rẹ̀, kí ẹ wá da gbogbo rẹ̀ sínú ajere kí omi lè ro dànù. Ohun tó kàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, èmi sì kà á sí èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà: ẹ dá wọn padà sínú ìkòkò gbígbóná, lórí iná kékeré, láìdé e, kí ẹ máa mi ìkòkò náà fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Ẹ ó rí i tí oru yóò máa rú jáde púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tí yóò sì máa dín kù títí ara ànàmọ́ yóò fi funfun tí yóò sì gbẹ. Àyè omi tó bá fi ibẹ̀ jáde ni bọ́tà àti wàrà yóò gbà.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná. Fọ́ọ̀kì tó le ṣeé lò, ohun ìtẹ̀ onírin dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó kúnná pátápátá, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tì í gba ojú asẹ́ onírin díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi bùlẹ́ńdà lọ̀ ọ́. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ànàmọ́ ni sítáàṣì tó ti wú wà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò kàn ya ara wọn sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá máa ń bẹ́ wọn, sítáàṣì á tú jáde, gbogbo rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ra. Káróòtì kò ní irú sítáàṣì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ rí kókó kankan lè se káróòtì lọ́tọ̀, kí ó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, kí ó sì fi ọwọ́ pò ó mọ́ ànàmọ́.

Bọ́tà ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ọ̀rá rẹ̀ lè bo sítáàṣì kí ohun olómi tó dé ibẹ̀. Ọ̀rá náà tún wúlò fún ara, nítorí pé òun ló ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà aláwọ̀ ọsàn inú káróòtì tí ara ń sọ di fítámì A. Lẹ́yìn náà, ẹ máa da wàrà tí ẹ ti mú gbóná sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ṣíbí onígi yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní kété tó bá ti rọ̀ tó bí ẹ ṣe fẹ́, bí wàrà tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹni tí kì í mu wàrà lè lo omi tí a bu pamọ́ yẹn pẹ̀lú òróró dípò bọ́tà. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ kún un.

Bí ó bá ṣàn jù, ẹ gbé e padà sórí iná kékeré kí ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́ títí omi yóò fi gbẹ. Èyí tó bá ti ń fà kò ní padà sípò mọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ dà á nù: ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ ààrò, kí ẹ fi wàràkàṣì bo ojú rẹ̀, kí ẹ sì yan án títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Bí àwọn tó fẹ́ jẹun kò bá tíì dé, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sórí ìkòkò omi gbígbóná kí ẹ sì dé e. Èyí tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ wọ fìríìjì kí wákàtí 2 tó pé, yóò sì ṣeé jẹ fún ọjọ́ 3. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú un gbóná, ẹ ta wàrà díẹ̀ sí i, kí ẹ sì lo iná kékeré, torí yóò ti le nínú òtútù.