Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kí wọ́n tó tún ti ápù kan pa

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba Nàìjíríà kéde pé àwọn ti dá Twitter (tó ti ń jẹ́ X báyìí) dúró, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari kọ síbẹ̀ kúrò, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì MTN, Airtel àtàwọn tó kù ti dínà ẹ̀ torí àṣẹ tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, pa fún wọn, ó wá di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i padà. Ó lé ní oṣù méje o. Ẹni tó wà ní London ń rí ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹni tó wà n'Íbàdàn ò rí i àfi tó bá lo VPN, ìyẹn ápù tó ń mú kí fóònù gba ọ̀nà ibòmíì wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹjọ́ ECOWAS padà sọ ní oṣù keje 2022 pé ohun tí ìjọba ṣe yẹn ò bófin mu, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, àmọ́ ìdájọ́ yẹn ò bá oníṣòwò kankan wá kọ́sítọ́mà tó sọnù padà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó gúrúùpù ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ìsinsìnyí tí gbogbo nǹkan ṣì ṣí sílẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ múra sílẹ̀, torí tí wọ́n bá ti ti ápù tẹ́ ẹ̀ ń lò pa tán ẹ ò ní ráyè wọlé lọ kó nǹkan yín.

Èyí tó ṣe kókó jù ni orúkọ àwọn èèyàn yín. Ẹ gba nọ́ńbà wọn, ẹ gba íméèlì wọn, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n síbi tí kì í ṣe inú ápù yẹn. Tí wọ́n bá wà nínú fóònù yín, ẹ ṣí ibi tí nọ́ńbà máa ń wà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Export sí, ó máa fún yín ní fáìlì kan tí orúkọ ẹ̀ parí sí .vcf. Fáìlì yẹn dára gan-an torí fóònù yòówù kẹ́ ẹ gbé e sí máa kà á, ì báà jẹ́ iPhone, ì báà jẹ́ Android, ẹni tó ṣe é ò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín, ẹ tún fi ọ̀kan sínú mẹ́mórì káàdì. Tó bá jẹ́ inú gúrúùpù WhatsApp ni wọ́n wà tẹ́ ẹ ò sì fi nọ́ńbà wọn pamọ́, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ fi pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ni lóòótọ́, mo mọ̀, àmọ́ kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan tó dáa jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ti kọ síbẹ̀ ńkọ́? WhatsApp ní Export chat tiẹ̀, ó máa kó o jáde ní .txt. Fún àwa tá à ń kọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Unicode, ìyẹn ìlànà kan náà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà àti àmì, lẹ fi tọ́jú ẹ̀, torí nígbà kan rí olúkúlùkù ló ń lo fọ́ńtì tiẹ̀ láti fi àmì sórí lẹ́tà, tẹ́ ẹ bá wá gbé fáìlì náà dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, wúruwùru lẹ máa rí, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣègbé bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní ibì kan tó jẹ́ tiyín, kó sì máa lo ìlànà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí mò ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n kọ síta tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ lé láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Íméèlì ló dájú jù nínú ẹ̀. Ọdún 1982 ni Jon Postel kọ SMTP tí íméèlì fi ń rìn síta, òun náà ló jẹ́ kí ẹni tó ń lo Gmail lè kọ̀wé sí ẹni tó ń lo Yahoo títí dòní, ṣé ẹ ti rí ẹni tó wà lórí Facebook tó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lórí TikTok bẹ́ẹ̀? RSS náà nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí ápù tí wọ́n fi ń ka ìròyìn mọ̀ tí nǹkan tuntun bá ti jáde lórí wẹ́bsáìtì kan. Oṣù keje 2013 ni Google pa Google Reader tí wọ́n fi ń kà á, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé RSS ti kú, síbẹ̀ ó ṣì ń ṣiṣẹ́ torí kì í ṣe Google ló ni ín, ápù míì làwọn èèyàn kàn fi ń kà á. Torí náà ẹ ṣí wẹ́bsáìtì kékeré, ẹ fi owó ara yín ra orúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ó ní RSS, kẹ́ ẹ sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí íméèlì àwọn èèyàn yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n kọ Bcc sí nínú íméèlì ni kẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì wọn sí o, kí wọ́n má baà máa rí ti ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan tó jọ Twitter, Mastodon wà níbẹ̀, sáfà ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé e, pọ̀ káàkiri, tí wọ́n bá ti ọ̀kan, àwọn tó kù ṣì wà.

Mi ò fara mọ́ ọn kí ìjọba dínà mọ́ gbogbo èèyàn torí ọ̀rọ̀ ẹnì kan, mi ò sì fara mọ́ ọn kí ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà jí lọ́jọ́ kan kó pa ojú ìwé tẹ́ ẹ ti ń kọ láti ọdún mẹ́wàá. Ìlànà tó ṣí sílẹ̀ ló ń gbà wá lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Tí wọ́n bá wá dínà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú DNS, òun ló máa ń sọ orúkọ wẹ́bsáìtì di nọ́ńbà kí fóònù tó lè débẹ̀, nígbà míì ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti dínà. Lórí Android 9 sókè, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Private DNS, ẹ tẹ dns.google tàbí one.one.one.one. Tí kò bá ṣiṣẹ́, á jẹ́ pé ìdínà náà jinlẹ̀ jùyẹn lọ, VPN ló kù. Ẹ ti gbé e sórí fóònù ṣáájú o, torí wọ́n lè ti wẹ́bsáìtì VPN náà pa. Má lo èyíkéyìí tó ní ọ̀fẹ́ lòun tí o ò mọ ẹni tó ni ín, gbogbo ibi tó o bá lọ ló lè máa rí. Proton VPN ní èyí tí wọn kì í gbowó lé, wọ́n sì gbé kóòdù ẹ̀ síta kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sì mọ òfin ibi tẹ́ ẹ wà: ní 2021, Malami tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà yẹn ní kí wọ́n gbé àwọn tó bá tàpá sí àṣẹ tí ìjọba pa lórí Twitter lọ sílé ẹjọ́.

Àmọ́ VPN ò wúlò níbi tí kò bá ti sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní Tógò ní oṣù kẹsàn-án 2017 nígbà tí àwọn èèyàn ń wọ́de, wọ́n tún ṣe é ní Benin ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019 tí wọ́n ń dìbò ilé aṣòfin. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, SMS àti ìpè lásán, tí wọn ò bá ti gé ìyẹn náà, àti rédíò. Ẹ tún gbé Briar, ápù kan tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, sórí Android yín, Bluetooth àti Wi-Fi ló lè fi gbé ọ̀rọ̀ láti fóònù kan sí èkejì tó wà nítòsí, kò nílò dátà. Kì í lọ jìnnà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti fi ara yín sínú ẹ̀ ṣáájú, àmọ́ láàárín àdúgbò kan ó ń ṣiṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, ẹ dán an wò. Ẹ mú ọjọ́ Sátidé kan, ẹ má fọwọ́ kan WhatsApp, ẹ má fọwọ́ kan Facebook, ẹ fi íméèlì àti SMS nìkan pe ìpàdé kan, ẹ wá wo àwọn tí kò gbọ́. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì gba àdírẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.