Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ agékoríko alábẹ tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ ra ẹ̀rọ agékoríko alábẹ oníàwo, ìyẹn èyí tí katakata ń lò, tó ní àwọn àwo irin tó ń yí, tí abẹ wà lára wọn, kí koríko gbígbẹ lè wà fún ẹran lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ kọ́kọ́ wo katakata yín: ẹ̀rọ tó ń gé koríko tó fẹ̀ tó mítà 2.4 lẹ́ẹ̀kan fẹ́ katakata tí agbára rẹ̀ tó bíi hp (agbára ẹṣin) 50 sókè.

Tó bá délé, ẹ yẹ ọ́ìlì tó wà nínú ọ̀pá irin tó gbé àwọn àwo náà wò kí ẹ tó tan nǹkan kan. Tèmi gbẹ táútáú nígbà tí wọ́n já a, ẹni tó tà á kò sì sọ fún mi! Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún.

Ẹ jẹ́ kí àwo yí dójú ìwọ̀n eré rẹ̀ kó tó kan koríko. Ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 8 koríko sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Yóò tètè hù padà, yẹ̀pẹ̀ kò sì ní wọnú oúnjẹ màlúù. Bí abẹ kan bá dá, méjèèjì orí àwo yẹn ni kí ẹ pààrọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gbọ̀n.

Àti ọmọdé o: kí wọ́n jìnnà réré. Òkúta tí abẹ yẹn bá ta, bí ọta ìbọn ni.