Bí mo ṣe pààrọ̀ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù mi, láti orí ímeèlì wá

Ímeèlì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, kì í ṣe báńkì. Ibẹ̀ ni gbogbo ìkànnì ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí bí èèyàn bá ní òun ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Olè tó bá ti ráyè wọ ímeèlì lè gba ọ̀pọ̀ àkántì tó kù láìmọ pásíwọ́ọ̀dù kankan nínú wọn.

Kí n lè mọ èyí tó máa tẹ̀ lé e, mo tẹ àdírẹ́sì ímeèlì mi sí Have I Been Pwned, ìkànnì tí Troy Hunt dá sílẹ̀ ní 2013. Ó máa ń dárúkọ àwọn ibi tí dátà ti jò tí àdírẹ́sì náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ja RockYou, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù fún Facebook àti MySpace, lólè ní 2009, pásíwọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 32 ló bọ́ síta ní gbangba, láìsí ohun tó bò wọ́n. Àwọn olè kì í jókòó máa méfò; ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò láti gbé ohun tó jò níbì kan lọ dán wò níbi púpọ̀. Bí pásíwọ́ọ̀dù ṣe wù kó le tó, lílò ó níbi méjì ti bà á jẹ́.

Áàpù tó ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù ni mo lò fún ìyókù (Bitwarden àti KeePassXC dára). Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó ṣí áàpù náà ni mo há sórí. Mi ò fúnra mi ronú kàn án, torí orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí ló máa ń wá síni lọ́kàn. Mo ju dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo wo ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà náà bọ́ sí nínú àtòkọ ọ̀rọ̀ 7,776 tí EFF, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde ní 2016, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi pé mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi kún un ń sọ iṣẹ́ olè di ìlọ́po 7,776. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe tirẹ̀, kó yọ àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ kúrò: "ọ́" tí fóònù kan tẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà nínú lọ́hùn-ún, bó tilẹ̀ jọra lójú, ìkànnì á sì ní kò bára mu.

Áàpù náà ló ṣẹ̀dá pásíwọ́ọ̀dù onílẹ́tà 20 fún àkántì kọ̀ọ̀kan. Ìkànnì míì á gba 20 náà, á gé e sí 16 láìsọ fúnni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbìyànjú àtiwọlé lórí ẹ̀rọ míì kí n tó jáde lórí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ìkànnì náà lé gbogbo ẹ̀rọ yòókù jáde, torí pípààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù nìkan lè má lé ẹni tó ti wà nínú ilé. Nínú ímeèlì, mo tún yẹ ibi tó ń darí ímeèlì tó wọlé síbòmíì wò, bóyá olè ti fi àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀.

Àṣà pípààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, ti ní kí wọ́n má fi dandan lé e láti 2017. Àwọn èèyàn kàn ń sọ 1 tó wà lẹ́yìn di 2 ni. Ìgbà tó bá jò ni kó o pààrọ̀ ẹ̀.

Fún ìgbésẹ̀ kejì, ìyẹn nọ́ńbà tí ìkànnì ń béèrè lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, mo yan áàpù tó ń mú nọ́ńbà mẹ́fà jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra, dípò àtẹ̀jíṣẹ́, torí oníjìbìtì lè gba nọ́ńbà fóònù ẹni sórí síìmù tirẹ̀. Bí aago fóònù ò bá péye, nọ́ńbà náà ò ní ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí aago náà máa tún ara rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kóòdù ìgbàpadà, èyí tí mo lè fi wọlé bí fóònù bá sọnù, orí pépà ni mo kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn, mo sì pa àwọn pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ rẹ́ nínú Chrome.