Ẹ Kú Iṣẹ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Sọ: Bí A Ṣe Ń Gbé Oríyìn fún Onílù Tí Àìlera Ń Bá Fínra

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Nicko McBrain, onílù ẹgbẹ́ olórin Iron Maiden ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu òun ní oṣù kìíní ọdún náà, ó sì mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún òun láti èjìká lọ sí ìsàlẹ̀. Àwa mẹ́rin tí a máa ń péjọ ní Ìjẹ̀bú Òde ní alẹ́ Sátidé láti gbọ́ orin métàlì, orin onígìtá tí ó le tí ó sì ń dún kíkankíkan, ka ìròyìn náà lórí fóònù ẹnì kan, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Èmi kọ ọ́ pé, "Ó mà ṣe o, Bàbá." Ọ̀kan nínú wa gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí irú rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó mú wa kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wá kí ilé olókùú ni. Ọkùnrin tí a ń kọ̀wé sí ti ń lùlù lórí ìtàgé láti oṣù karùn-ún, a kò sì sọ ohun kan ṣoṣo nípa ìlù tí ó ń lù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú sí bí ó ṣe yẹ kí olólùfẹ́ gbé oríyìn fún onílù tí ara rẹ̀ kò le, ohun tí mo sì rí kọ́ ni mo kọ síhìn-ín fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó, ì báà ṣe onílù òkè òkun ni ó fẹ́ràn tàbí onílù àdúgbò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ. Èdè wa ti ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tí nǹkan ń ṣe ni à ń kí ní "ẹ pẹ̀lẹ́". Ẹni tí ó ń ṣe nǹkan ni à ń kí ní "ẹ kú iṣẹ́". Onílù tí àìsàn ń ṣe, tí ó sì ń lùlù síbẹ̀, yẹ fún méjèèjì, ṣùgbọ́n "ẹ kú iṣẹ́" ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú, nítorí iṣẹ́ ni ó mú kí a mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ náà ni ó sì dìde láti ibùsùn wá ṣe.

Kí ẹ tó lè kí onílù kú iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó jókòó sí ìdí dírọ́ọ̀mù ń fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọwọ́ ọ̀tún sábà máa ń wà lórí aro, ìyẹn àwo irin tí a ń na, ó ń ka àkókò, ọwọ́ òsì ń na ìlù tí ó ń dún pàà láàárín, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ pẹ́dàlì ìlù ńlá, ẹsẹ̀ òsì ń ṣí aro méjì tí ó dojú kọ ara wọn, ó sì ń pa wọ́n dé. Nínú orin métàlì, eré ni gbogbo èyí máa ń bá lọ, débi pé púpọ̀ nínú àwọn onílù rẹ̀ ń lo pẹ́dàlì méjì kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè pín iṣẹ́ ìlù ńlá náà. Bàbá Nicko, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é láàárín ara wa, di olókìkí nípa fífi pẹ́dàlì kan ṣoṣo àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ṣoṣo ṣe é, lọ́pọ̀ ìgbà láìwọ bàtà. Ẹ wá fi ojú inú wo ohun tí ó jẹ́ kí àrùn mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ti pé ẹni 70 ọdún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọ́ ọ. Ó lè dà bí ẹni pé kò yẹ kí a máa sọ bẹ́ẹ̀ fún olólùfẹ́, ṣùgbọ́n bí ìròyìn àìsàn bá ti dé, etí wa a máa di, ojú nìkan ni a ó sì máa fi wo ẹni náà. Ẹ wá orin kan náà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí ìtàgé ṣáájú ọdún 2023 àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn ní ibi tí ariwo kò sí. Ìyàtọ̀ náà wà níbi tí ọwọ́ onílù ti máa ń sáré káàkiri orí àwọn ìlù kí apá kan orin tó wọ inú òmíràn. Òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọwọ́ òun kò gbà kí òun sáré bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó mú èyí tí ọwọ́ gbà, ó fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ohun tí ó sọnù nìkan ni mo ń kà. Ìgbà kẹta ni mo tó gbọ́ ohun tí ó kù: àkókò orin kò fì, àwọn onígìtá mẹ́ta kò sì wá ìdúró wọn tì. Ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oríyìn tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 10 péré ni ó fi gba ìtọ́jú tí wọ́n fi ń jí iṣan, ó ní ara òun ti padà bọ̀ sípò tó bí ìdá 70 nínú 100, ó sì jókòó sí ìdí ìlù ní ìlú Ljubljana ní ilẹ̀ Slovenia ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún náà.

Mo rí ohun kan náà ní Sàgámù, ní ibi ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ìyá kan. Bàbá onílù tí mo ń sọ yìí, ìyáàlù dùndún ni wọ́n ń lù láti ìgbà èwe wọn. Ẹni tí ó bá mọ dùndún mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń di kọ̀ǹgọ́ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tí ó ń fún ọ̀ṣán ni ó ń mú kí ìlù sọ̀rọ̀. Ọwọ́ òsì ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n gbádùn díẹ̀, wọ́n gbé ìyáàlù fún ọmọ wọn, wọ́n fi gúdúgúdú kọ́ ọrùn, nítorí a kì í fún ọ̀ṣán gúdúgúdú; awọ líle méjì ni a fi ń lù ú. Mo dúró tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Awọ ọwọ́ òsì kì í gòkè ju ìka méjì lọ, yóò kàn bọ́ sórí ìlù bí èso tó já, ṣùgbọ́n àárín méjì ti ọwọ́ ọ̀tún gan-an ni ó ń bọ́ sí, kò sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ọkùnrin kan ti àárín èrò wá, ó lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí, ó di ọwọ́ òsì náà mú pẹ̀lú omijé lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jókòó, ẹ ti ṣe é tó." Gúdúgúdú dá. Nítorí pé orí rẹ̀ ni àwọn ìlù yòókù dúró lé, gbogbo wọn dàrú. Ìyá àgbà kan tí ó ń jó dúró, ó kọjú sí Bàbá, ó ní, "Ọmọ Àyàn, ẹsẹ̀ mi ṣì wà nílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o." Bàbá yọ ọwọ́ wọn, ìlù sì padà. Nígbà tí mo lọ kí wọn lẹ́yìn náà, wọn kò bú ọkùnrin náà, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Owó rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n inú ìlù ni mo wà nígbà tí ó dé." Bí ẹ bá fẹ́ náwó fún onílù tí ara rẹ̀ kò le, ẹ ná an bí ẹ ṣe ń ná an fún àwọn yòókù, nígbà tí ìlù bá dùn mọ́ yín, kí ẹ sì jó.

Ohun tí ó tún ṣòro fún àwa olólùfẹ́ ni láti pa ẹnu mọ́ nígbà tí a kò bá tíì mọ ìdí. Joey Jordison, onílù Slipknot, ẹgbẹ́ métàlì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kejìlá ọdún 2013, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún aráyé. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni ó tó jáde sọ ọ́ pé àrùn kan tí ó ń mú kí okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn wú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní transverse myelitis, ni ó gba agbára ẹsẹ̀ òun, tí òun sì ní láti tún kọ́ bí a ṣe ń rìn. Ọdún méjì àtààbọ̀ wà láàárín, àwọn ènìyàn sì fi àbá àti àhesọ dí i. Ó kú ní oṣù keje ọdún 2021, ní ẹni ọdún 46. Ohun tí onílù bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa tún sọ. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, àhesọ náà ní orúkọ tirẹ̀: wọn a ní ọwọ́ ayé ni, wọn a ní onílù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pa á lápá. Bí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú yín, ẹ dáhùn pé ẹ̀jẹ̀ ríru a máa fa rọpárọsẹ̀, kí ẹ sì béèrè nípa ìlù rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àgbo ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ ránṣẹ́, kí ó kúrú, kí ó sì dárúkọ ibi kan pàtó nínú ìlù rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń kọ̀wé, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè ìgbà tí ara rẹ̀ yóò yá, nítorí ìbéèrè tí òun náà ń bi ara rẹ̀ lóru ni. Èyí ni a tún kọ lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ìlù náà dáadáa: "Bàbá, láti Ìjẹ̀bú Òde ni a ti ń kí yín. Ibi tí orin ti rọra tí aro yín nìkan ń kà á lọ, gbogbo wa dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Ẹ kú iṣẹ́." "Ẹ pẹ̀lẹ́" ní àyè tirẹ̀, ní yàrá, lẹ́bàá ibùsùn, láàárín ẹni tí ó sún mọ́ ọn. Èrò kò gbọ́dọ̀ kígbe rẹ̀ mọ́ ọn lórí ìtàgé.

Oríyìn fún onílù tí ó wà nítòsí gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ẹ ń pè sí òde; ẹ pè é, kí ẹ bi í pé wákàtí mélòó ni ara rẹ̀ gbà, ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sì gbé àga tí ó ní ìfẹ̀yìntì fún un láìjẹ́ pé ó béèrè. Owó ọkọ̀ sí ibi ìtọ́jú iṣan, tí wọ́n ń pè ní físíò, lọ́sẹ̀ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, a máa wúlò ju owó gọbọi ọjọ́ kan lọ, nítorí àìrówó ọkọ̀ ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ dá a dúró láàárín ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan ṣeré. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Sàgámù, òmíràn sì wà ní Ìlíṣàn, nítorí náà ọ̀nà kò jìn fún ará Rẹ́mọ. Bí ẹ bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù tí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan ń já bọ́ nígbà tí ó gbé méjèèjì sókè, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, àmì rọpárọsẹ̀ ni; ẹ wo aago kí ẹ lè sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ láìfún un ní ohunkóhun mu.

Nígbà mìíràn, onílù yóò yí ohun èlò rẹ̀ padà. Rick Allen, onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Def Leppard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù apá òsì rẹ̀ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1984, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21. Wọ́n bá a ṣe dírọ́ọ̀mù oníná tí ó ní pẹ́dàlì púpọ̀, ó sì kọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, ó lùlù níwájú èrò rẹpẹtẹ ní Castle Donington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ìlù oníná kì í ṣe ìlù, bí ẹ kò ti gbọdọ̀ sọ fún Bàbá Sàgámù pé gúdúgúdú kéré sí wọn.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò dìde kúrò ní ìdí ìlù. Ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2024 ni ti Bàbá Nicko, ní ìlú São Paulo ní ilẹ̀ Brazil, lẹ́yìn ọdún méjìlélógójì tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ náà. Simon Dawson ni ó jókòó sí àyè rẹ̀ ní ọdún 2025. Ẹ fún ẹni tuntun ní etí tí ẹ fún ẹni àná, ẹ má sì ṣe fi orúkọ ẹni tí ara rẹ̀ kò le na ẹni tuntun lẹ́gba, nítorí ẹni tí ó fi àyè sílẹ̀ kò rán yín ní iṣẹ́ náà. Ní alẹ́ Sátidé tí Bàbá Nicko fi ìdí ìlù sílẹ̀ yẹn, ní Ìjẹ̀bú Òde, a gbọ́ orin méjì látìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le, a gbọ́ mẹ́ta látẹ̀yìn àìsàn náà, a sì pa fóònù. Ẹni tí ó gbàdúrà nígbà àkọ́kọ́ ni a ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí a ó fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́," ó sì béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ó yẹ kí òun fi nǹkan kún un. A ní rárá.