Bí mo ṣe fi Kanban mọ ibi tí iṣẹ́ ń há sí nílé ìtẹ̀wé

Kanban ni pátákó tí à ń fi káàdì ṣàfihàn ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú la ti lò ó. Ẹ̀rọ ni gbogbo wa ń di ẹ̀bi ìdádúró rù. Kí a tó kówó lé ẹ̀rọ mìíràn, mo ní ká kọ́kọ́ ka ọjọ́ ná.

Mo fi téèpù pín pátákó sí ìsọ̀rí mẹ́fà: Ó Wọlé, Dísáìn, À Ń Retí Oníbàárà, Ẹ̀rọ, Gígé àti Dídì, Ó Ti Lọ. Iṣẹ́ kan, káàdì kan. Ẹ má pa ìkẹta pọ̀ mọ́ Dísáìn o, ibẹ̀ ni ìdádúró máa ń sá pamọ́ sí.

Google Forms la fi ń gba iṣẹ́: iye ẹ̀dà, bébà àti gsm rẹ̀ (ìwọ̀n ìwúwo bébà), ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, nọ́ńbà ẹni tó máa fọwọ́ sí sáńpù. Mo tan Required lórí gbogbo wọn. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ń kọ fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí oníbàárà béèrè ni. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ la fi ń kọ ọ́.

Nínú Google Sheets, ìbẹ̀rẹ̀ wà ní C, ìparí ní D. Mo kọ =D2-C2+1 sí E kó lè ka iye ọjọ́, ni iṣẹ́ tí kò tíì parí bá ń gbé -45,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Sheets ń ka ọjọ́ láti òpin 1899, òdo sì ni àlàfo jẹ́ lójú rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni =IF(D2="","",D2-C2+1). Ẹ yí Locale sí United Kingdom kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 3/4 á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta.

Iṣẹ́ 60 la kà. AVERAGE, ìyẹn ìpíndọ́gba, gbé ọjọ́ 5 jáde, àmọ́ =PERCENTILE(E2:E61,0.85) gbé 11. Ọjọ́ 11 là ń dá fún oníbàárà báyìí, torí nínú iṣẹ́ 20, bíi 17 ló ń parí kó tó kọjá bẹ́ẹ̀. Òfin tí John Little fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1961 sì bá pátákó wa mu. Ó ní tí a bá fi iye iṣẹ́ tó ń jáde lójúmọ́ pín iye tó wà lọ́wọ́, a ó rí ìpíndọ́gba ọjọ́ tí iṣẹ́ kan ń gbà: iṣẹ́ 15 lọ́wọ́, 3 ń jáde lójúmọ́, ọjọ́ 5 nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń ka káàdì inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi iye wọn ya Stacked area chart, àwòrán tó ń to àwọ̀ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lé ara wọn. Àwọ̀ Ẹ̀rọ tín-ín-rín bí okùn. Ti À Ń Retí Oníbàárà ló ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

A fi òté lé ìsọ̀rí yẹn: káàdì 4 péré. Tó bá ti kún, oní-dísáìn ò gbọdọ̀ ṣí iṣẹ́ tuntun. Fóònù ló máa gbé, kó pe àwọn oníbàárà tí à ń retí. Sáńpù tí à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp náà ní gbèdéke: "Ẹ jọ̀ọ́, tí a ò bá gbọ́ yín kó tó di aago 12 ọ̀la, iṣẹ́ yín á padà sẹ́yìn ìlà."

Ohun tó kọ́kọ́ ba ètò náà jẹ́ ni pé àwọn kan ń sún gbogbo káàdì wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní Friday, àwòrán wá dà bí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n rò pé a fẹ́ fi ka ọ̀lẹ. Mo yọ orúkọ kúrò lára káàdì, iye ọjọ́ nìkan ló kù níbẹ̀.